Ìwé 500 tí Isaac Asimov kọ: kí ni a ń kà gan-an?

Baba_Òǹkàwé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹnìkan gbé àwòrán Isaac Asimov, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "ọkùnrin tó kọ ìtàn àròsọ 500". Gbogbo yín ń ṣe háà, ẹ ń ki baba náà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ yin èèyàn, ká yìn ín síbi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà gan-an.

Ìwé tí orúkọ Asimov wà lára rẹ̀ lé ní 500 lóòótọ́. Àmọ́ ìtàn àròsọ gígùn tó wà nínú wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìwé tó fi ń la ọ̀rọ̀ yé èèyàn ló pọ̀ jù: kẹ́mísírì, físíìsì, ìràwọ̀ ojú ọ̀run, ẹ̀jẹ̀ àti eegun ara, ìtàn Róòmù àti ti Gíríìsì, ìwé ńlá méjì lórí Bíbélì, òmíràn lórí Shakespeare, títí dórí ìwé àwàdà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ìtàn tí àwọn ẹlòmíràn kọ, tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣà jọ, tó wá kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Gbogbo rẹ̀ ló kà mọ́ ọn, kò sì fi bò rárá. Nígbà tí ìwé rẹ̀ pé 100 ní 1969, ó ṣe ìwé kan tó pè ní Opus 100. Nígbà tó pé 200 ní 1979, Opus 200 jáde. Baba náà fẹ́ràn kó máa ka iṣẹ́ ara rẹ̀ jọ!

Ohun tó jọ mí lójú ni ibi tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti iṣẹ́. Petrovichi ní Rọ́ṣíà ni wọ́n bí i sí. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an kò dájú, ọjọ́ kejì oṣù kìíní 1920 ló mú láti máa fi ṣe ọjọ́ ìbí. Ọdún 1923 ni àwọn òbí rẹ̀ kó o wá sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Brooklyn. Nígbà tó yá, bàbá rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀bù súìtì kan, níbi tí wọ́n tún ti ń ta sìgá àti ìwé ìròyìn. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i, aago kan òru ni wọ́n ń tì í, kò sí ọjọ́ ìsinmi. Isaac á pín ìwé ìròyìn kiri kó tó lọ sílé ìwé. Tó bá dé, ẹ̀yìn káńtà ló kàn.

Inú ṣọ́ọ̀bù yìí náà ni ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, irú èyí tó ń sọ nípa rọ́bọ́ọ̀tì àti ìrìn àjò ojú ọ̀run, ti bá a. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kó fọwọ́ kan àwọn ìwé ìtàn olówó pọ́ọ́kú tó wà lórí àtẹ, ó ní ìranù ni. Ní 1929, ọ̀kan dé tí wọ́n ń pè ní Science Wonder Stories. Ọmọ náà fi "Science" tó wà níwájú orúkọ rẹ̀ han bàbá, ó ní ẹ̀kọ́ ilé ìwé ni. Bàbá tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá gbà. Láti ìgbà náà, á rọra kà á kí etí ìwé má ká, á dá a padà sórí àtẹ kí oníbàárà lè rà á bí ọ̀tun.

Nígbà tó di ọlọ́lá, aago ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ṣì ń lò. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, ọjọ́ ọdún pàápàá, ìdí taipíráítà lẹ máa bá a. Ibẹ̀ ni 500 ti wá. Ẹ̀bùn nìkan kò lè ṣe é.

Ìyá_Láyọ̀

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ìgbà wo ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìtàn rẹ̀? Ọmọkùnrin mi ti kọ ìtàn kún ìwé ilé ìwé rẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì ń dá a padà fún un, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀.

Baba_Òǹkàwé

Ìyá Láyọ̀, ẹ sọ fún un pé wọ́n dá ti Asimov náà padà. Ọmọ ọdún 18 ni, ọmọ yunifásítì Columbia, nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ bá olóòtú ìwé ìròyìn Astounding, John W. Campbell. Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1938 ni. Bàbá rẹ̀ ló ní kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ìtàn náà lọ, kó má fi ránṣẹ́. Campbell bá a sọ̀rọ̀ ju wákàtí kan lọ. Ní ọjọ́ mélòó kan sí i, ìtàn náà padà dé: kò gbà á. Àmọ́ lẹ́tà tó fi kọ̀ ọ́ sọ ibi tí ìtàn náà ti yẹ̀. Asimov kọ òmíràn, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta, Marooned off Vesta, ni ìwé ìròyìn mìíràn, Amazing Stories, wá rà ní dọ́là 64, tó sì jáde ní oṣù kẹta 1939.

Kò yéé lọ sí ọ́fíìsì Campbell. Níbẹ̀ ni Campbell ti bi í pé bí ìràwọ̀ bá ń yọ lálẹ́ kan ṣoṣo láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún, kí lojú àwọn èèyàn á rí. Ó délé, ó kọ Nightfall, tó jáde ní 1941. Ọmọ ọdún 21 ló wà. Ní 1968, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà dìbò, wọ́n ní òun ló dára jù nínú gbogbo ìtàn kúkurú irú rẹ̀ tí wọ́n kọ ṣáájú 1965. Mo rò pé inú Asimov kò fi bẹ́ẹ̀ dùn sí i. Ta ni inú rẹ̀ máa dùn pé ohun tóun ṣe lọ́mọdé lóun ò tíì ṣe ju lọ?

TèmiTẹkí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣebí òun ló ṣe òfin mẹ́ta fún rọ́bọ́ọ̀tì? Kí ló dé tí àwọn tó ń ṣe AI, ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn, báyìí kò kàn fi òfin yẹn sínú rẹ̀ kí gbogbo wa sùn?

AyọTíṣà

Àbúrò, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka òfin náà fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Rọ́bọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ ṣe èèyàn léṣe, kò sì gbọdọ̀ káwọ́ gbera kó máa wo èèyàn kí nǹkan burúkú ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí èèyàn bá ní kó ṣe, àfi bó bá tako ti àkọ́kọ́. Ó gbọ́dọ̀ dáàbò bo ara rẹ̀, àfi bó bá tako méjèèjì ìṣáájú. Inú Runaround, ìtàn kúkurú tó jáde ní oṣù kẹta 1942, ni wọ́n ti kọ́kọ́ to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra. Asimov ní Campbell ló ni wọ́n. Campbell ní inú ìtàn Asimov lòun ti ṣà wọ́n jáde. Bí wọ́n ṣe ń ti oríyìn síra wọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ka ìtàn náà kó o tó pè é ní àbò. Òṣìṣẹ́ méjì, Powell àti Donovan, wà lórí Mercury, pílánẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ oòrùn jù, oòrùn ibẹ̀ lè yan èèyàn. Selenium, èròjà kan, ni wọ́n nílò láti fi tún ohun tó ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ oòrùn náà ṣe. Wọ́n rán rọ́bọ́ọ̀tì kan, Speedy, lọ bù ú wá ní adágún rẹ̀. Donovan kàn rán an wẹ́rẹ́ ni, kò fi agbára sí i. Speedy sì jẹ́ ọjà olówó gọbọi, nítorí náà àwọn tó ṣe é ti mú òfin kẹta le lára rẹ̀ ju ti ìyókù lọ. Ewu wà létí adágún náà. Bó bá sún mọ́ ọn, òfin kẹta á lé e sẹ́yìn. Bó bá jìnnà sí i, òfin kejì á tì í síwájú. Níbi tí agbára méjèèjì ti dọ́gba, ó ń yí adágún po, ó ń kọrin, ó ń sọ kántankàntan. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń kú lọ. Powell ló wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde sínú oòrùn, níbi tí Speedy á ti rí i pé ẹ̀mí èèyàn fẹ́ bọ́, kí òfin kìíní lè já a gbà.

Bí ọ̀pọ̀ ìtàn rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ó ṣe òfin, ó sì ń wá ibi tó ti ń jò kiri fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi òfin mẹ́ta sínú AI kó tán, kò tíì ka I, Robot, ìwé tí wọ́n kó àwọn ìtàn yẹn jọ sí.

TèmiTẹkí

Fíìmù Will Smith ni mo wò, sà 😂

AyọTíṣà

Mo mọ̀.

Àṣàkẹ́_Peckham

Ẹ jẹ́ kí n bu omi sí i díẹ̀. Mo ka Foundation, ìwé ìtàn rẹ̀ tó lókìkí, nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì níbí, ó sú mi. Ọkùnrin méjì á jókòó sí yàrá, wọ́n á máa fa sìgá, wọ́n á sọ̀rọ̀. Ogun á jà níta, a ò ní rí i, orí tó tẹ̀lé e ni wọ́n á ti sọ fún wa pé ó ti parí. Nínú ìwé kìíní, obìnrin dà? Ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí ẹni tó ju ìyàwó aláròyé kan lọ.

Èrò inú rẹ̀ tóbi, mi ò jiyàn. Onímọ̀ ìṣirò kan, Hari Seldon, rí i pé ìjọba tó gba gbogbo ìràwọ̀ máa wó, pé òkùnkùn ọdún 30,000 ń bọ̀, ó sì ṣètò ohun tó máa dín in kù sí 1,000. Ìwé òpìtàn Gibbon lórí bí Róòmù ṣe wó ló ti mú un, òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èrò ńlá nìkan kì í ṣe ìtàn.

Kẹ́mísírì_Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́, mo gba tiyín lórí ìwé kìíní. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìtàn kúkurú tó ń tẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti 1942 ni wọ́n dì pọ̀ ṣe ìwé yẹn ní 1951. Ọmọ tó ṣì ń wá oyè ló kọ ọ́. Ẹ ka ìkejì, Foundation and Empire, kẹ́ ẹ rí Bayta Darell. Òun ló gba gbogbo wọn là, àwọn ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ lọ ní tiwọn. Ẹni tó sì gbọ́n jù nínú àwọn ìtàn rọ́bọ́ọ̀tì, Susan Calvin, obìnrin ni, láti 1940 ó lé díẹ̀.

Ní ti bó ṣe ń kọ̀wé, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àwọn kan ń kọ̀wé bíi gíláàsì aláràbarà inú ṣọ́ọ̀ṣì, tiwọn lẹwà, ṣùgbọ́n èèyàn kì í rí òdìkejì rẹ̀. Òun ń wá gíláàsì fèrèsé lásán. Ìdí nìyẹn tí ìwé àlàyé rẹ̀ fi dùn ún kà ju ìtàn rẹ̀ lọ lójú tèmi. Àwa tá a ṣe kẹ́mísírì kì í gbàgbé ti thiotimoline. Ó fẹ́ kọ ìwé àbọ̀ ìwádìí fún oyè dókítà, ó wá ń dán ọwọ́ wò, ó hùmọ̀ èròjà kan tó máa ń yòrò kí wọ́n tó da omi lé e. Ó kọ gbogbo rẹ̀ bí ìwádìí gidi, pẹ̀lú àtẹ àti ìwé tó ti yá ọ̀rọ̀ lò. Ó bẹ Campbell pé kó má fi orúkọ òun sí i. Campbell tẹ̀ ẹ́ ní oṣù kẹta 1948 pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gbàdàgbàdà. Oṣù karùn-ún ló wọlé lọ síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n bi í ní ìbéèrè títí, òógùn bò ó. Nígbà tó kù díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ní kí Ọ̀gbẹ́ni Asimov sọ díẹ̀ fún àwọn lórí thiotimoline. Ó bú sẹ́rìn-ín tí kò lè dá a dúró, wọ́n ní láti mú un jáde. Ó ti mọ̀ pé ẹni tí wọ́n fẹ́ já kulẹ̀, wọn kì í bá a ṣeré bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló lọ ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn yunifásítì Boston, 1949. Ó mọ̀ ọ́n kọ́, àmọ́ kò fẹ́ ṣe ìwádìí inú yàrá àyẹ̀wò, ìyẹn sì dá ìjà sílẹ̀. Ní 1958 wọ́n gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀, ó di oyè mú. Nígbà tí wọ́n máa fi sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà ní 1979, kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Sputnik, sátẹ́láìtì tí Rọ́ṣíà jù sókè ní 1957, sì ti jẹ́ kí gbogbo Amẹ́ríkà máa wá ẹni tó lè la sáyẹ́ǹsì yé ọmọdé. Ó fi ìtàn gígùn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó dojú kọ ìyẹn. Láti oṣù kọkànlá 1958, ó ń kọ àròkọ sáyẹ́ǹsì kan lóṣooṣù fún ìwé ìròyìn Fantasy and Science Fiction, kò fo ẹyọ kan, títí tó fi pé 399. Bẹ́ ẹ bá ní kí n yan nínú 500 yẹn, àwọn àròkọ wọ̀nyí ni mo máa gbé.

Àṣàkẹ́_Peckham

Ó dáa, mo máa wá Bayta lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká ki baba yìí tán láìsọ ìyókù. Níbi àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, ó máa ń fọwọ́ kan obìnrin láìgbàṣẹ, á gbá a mú, á fún un nídìí, ní gbangba, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo wọn mọ̀, wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ní 1971 ó kọ ìwé àwàdà lé e lórí, The Sensuous Dirty Old Man, ó fi "Dr. A" bojú. Ọmọbìnrin ogún ọdún tó wá bẹ̀ ẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé fún un ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí.

Baba_Òǹkàwé

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó wà lákọsílẹ̀, mi ò ní gbèjà rẹ̀.

Kẹ́mísírì_Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ayé ìgbà yẹn náà ni o.

Àṣàkẹ́_Peckham

Àbúrò mi, ayé ìgbà yẹn náà ni obìnrin wà, ó sì dùn wọ́n nígbà yẹn. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jó ìwé rẹ̀. Èmi náà ń kà á.

Nọ́ọ̀sì_Ṣadé

Ẹ kú ìjókòó. Ohun tó pa á ni mo fẹ́ fi kún un, torí iṣẹ́ mi kàn án. Àrùn ọkàn kọlù ú ní 1977. Ní oṣù kejìlá 1983, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn. Kò tíì sí àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún un nígbà náà, 1985 ló tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin 1992 ló kú ní New York, wọ́n sì ní ọkàn àti kíndìnrín ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn dókítà rẹ̀ ló ti gba ìdílé nímọ̀ràn pé kí wọ́n má sọ ọ́ síta. Ọdún 2002 ni ìyàwó rẹ̀, Janet, tóun náà jẹ́ dókítà, tó wá kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ wo ọjọ́ náà dáadáa: ọjọ́ kẹjọ oṣù kan náà ni Arthur Ashe, agbábọ́ọ̀lù tẹníìsì, jáde sọ pé òun ní àìsàn yìí, òun náà gbà á nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn. Torí pé ìwé ìròyìn kan fẹ́ tú u fó ló ṣe sọ ọ́. Àwa níbí, ọdún 1997 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti sọ ohun tó pa Fẹlá àbúrò rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tó gbà pé éèdì wà. Bí Asimov bá sọ tirẹ̀, ẹni tó ti la nǹkan yé gbogbo ayé fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, mo rò pé ó máa ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe sí aláìsàn àti ìyàwó rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù láyé ọjọ́un. Mi ò dá àwọn dókítà yẹn lẹ́bi.

Ìyá_Láyọ̀

Háà. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn.

TèmiTẹkí

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á pé kì í wọ bàálù! Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wọ̀ ọ́ láyé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan níbi iṣẹ́ tó ń ṣe fún iléeṣẹ́ ológun ojú omi nígbà ogun, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí iṣẹ́ sójà ń gbé e bọ̀ láti Hawaii ní 1946. Ẹni tó ń fi èèyàn ránṣẹ́ láti ìràwọ̀ dé ìràwọ̀!

Baba_Òǹkàwé

Yàrá tí kò ní fèrèsé ló fẹ́ràn. Nínú The Caves of Steel, 1954, ó kó gbogbo ará ayé sábẹ́ irin, wọn ò rí oòrùn. Àwọn òǹkàwé ní ìlú náà bani lẹ́rù. Ó ya òun lẹ́nu, torí òun rò pé ibẹ̀ dára láti gbé.

Ìyá_Láyọ̀

Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ wá fún ọmọ yìí?

AyọTíṣà

Ìtàn kúkurú, ìyá wa. The Feeling of Power, 1958: ayé ti gbé ìṣirò lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ tó fi jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè dá ṣe é mọ́, òṣìṣẹ́ kékeré kan sì tún ṣàwárí bí wọ́n ṣe ń fi 9 sọ 7 di púpọ̀ lórí bébà. Àwọn ọ̀gá ológun kò gbà á gbọ́. Nígbà tí wọ́n gbà á gbọ́, inú wọn dùn, torí ẹ̀mí èèyàn kò wọ́n tó kọ̀ǹpútà láti fi sínú àdó olóró. Mo máa ń kà á fún kíláàsì mi, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀rẹ̀ máa ń dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, The Last Question, 1956, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jù. Tó bá wá wọ̀ ọ́ lára, kó ka Foundation mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe jáde, 1951, 1952, 1953. Kó má torí pé Prelude to Foundation, ti 1988, ṣáájú nínú ìtàn kó wá bẹ̀rẹ̀ látorí rẹ̀.

Àṣàkẹ́_Peckham

Mi ò gbà. The Gods Themselves ni kẹ́ ẹ rà fún un, ti 1972. Apá àárín rẹ̀, níbi tí àwọn ẹ̀dá tí kì í ṣe èèyàn ti ń gbé ní mẹ́tamẹ́ta, ni mo ti gbà pé baba yìí lè kọ ìtàn. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Hugo, ó gba Nebula. Kẹ́ ẹ sì fi Rosewater ti Tade Thompson tì í, ọmọ wa tó gba àmì-ẹ̀yẹ Arthur C. Clarke ní 2019, bí ọmọ náà bá ti dàgbà díẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ǹ bá fi The Gods Themselves tèmi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan yá a lọ́wọ́ mi ṣáájú Kòrónà.

Kẹ́mísírì_Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka ìlàjì. Mò ń bọ̀ ní Kérésì.